Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Nígbà Tí Thunderbird Bá Kọ̀ Láti Gba Lẹ́tà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Thunderbird ni mo fi ń ka Gmail mi lórí kọ̀ǹpútà láti bí ọdún mẹ́ta. Ẹnìkan ló bá mi ṣètò rẹ̀ nígbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ṣàdédé dákẹ́, kò gba lẹ́tà wọlé mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé "Login to server imap.gmail.com failed". Kì í ṣe pé mo gbàgbé password mi, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà ni, mo sì ń fi í wọlé lórí browser láìsí wàhálà. Mo ti yọ Thunderbird kúrò, mo tún gbé e sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n pa àkáǹtì náà rẹ́ nínú rẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n ti jí àkáǹtì mi ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn ná, torí ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yín ti wà lórí bọ́tìnnì náà.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí ohun tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni jí àkáǹtì yín. Thunderbird náà kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú lẹ́tà yín lẹ sáré fò kọjá: "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà ni." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé.

Ohun tí ẹ̀yin rò ni pé password tó bá ṣí browser gbọ́dọ̀ ṣí Thunderbird. Nígbà kan rí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Google kò gbà mọ́ kí áàpù kan mú orúkọ àti password oní-àkáǹtì lásán wá bá òun. Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́ kù. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní OAuth2. Níbẹ̀, Thunderbird kì í tọ́jú password yín rárá. Fèrèsé kékeré kan á ṣí, ojú ìwé Google fúnra rẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti wọlé, tí ẹ ó sì gbà pé kí Thunderbird máa bá yín gbé lẹ́tà. Google á wá fún un ní ìwé àṣẹ kan, ìyẹn ni á máa fi hàn lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ẹ sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà. Ọ̀nà kejì ni app password: álífábẹ́ẹ̀tì 16 tí Google ṣà jọ fúnra rẹ̀, tí ẹ ó fún áàpù náà dípò password yín.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ọ̀nà kejì yìí ni ẹni tó bá yín ṣètò rẹ̀ gbà. Ó kọ álífábẹ́ẹ̀tì 16 yẹn sí i, Thunderbird fi pamọ́, ọdún mẹ́ta kọjá, ẹ̀yin ń rò pé password yín ló wà nínú rẹ̀. Òfin Google sì ni pé ọjọ́ tí ẹ bá yí password àkáǹtì yín padà, gbogbo app password tó wà lórí rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ wá ń tẹ password tuntun sí ẹnu ọ̀nà tí kò gba irú rẹ̀ láti ọdún 2022. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, èsì kan náà lẹ ó máa rí.

Èmi kò rí kọ̀ǹpútà yín o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi ń ṣèdájọ́. Bó bá sì jẹ́ àkáǹtì ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé ni, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń bójú tó o, torí ó lè jẹ́ òun ló ti ilẹ̀kùn náà.

Ó wá kan ìmọ̀ràn tó ń bí mi nínú. Kò sí ìbéèrè ímeèlì kan tó dé ọ̀dọ̀ mi tí ẹnìkan ò ti sọ fún oníbèéèrè pé kó "yọ ọ́ kúrò, kó tún gbé e sí i". Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Thunderbird pín sí apá méjì lórí kọ̀ǹpútà yín. Apá kan ni ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Apá kejì ni fódà kan tí wọ́n ń pè ní profile, ibẹ̀ ni orúkọ yín, ètò yín, password tó fi pamọ́ àti àwọn lẹ́tà yín wà. Tí ẹ bá yọ Thunderbird kúrò, ẹ̀rọ yẹn ló ń lọ. Profile jókòó sí àyè rẹ̀. Tí ẹ bá tún gbé e sí i, inú fódà àtijọ́ yẹn náà ló ń padà sí, pẹ̀lú ètò àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tí kò yí nǹkan kan padà. Ẹni tí orí ń fọ́ ló lọ pààrọ̀ fìlà.

Ìyẹn ò tiẹ̀ ṣe yín ní ibi, àkókò yín nìkan ló jẹ. Èyí tí ọ̀rẹ́ yín sọ ló léwu. Bóyá ó máa pa yín lára tàbí kò ní pa yín lára, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ ọ́: ṣé IMAP ni àkáǹtì yín àbí POP? Ọ̀nà méjì tí Thunderbird ń gbà gbé lẹ́tà ni wọ́n. Ní IMAP, orí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni ímeèlì náà, ni lẹ́tà ń gbé, ẹ̀dà rẹ̀ lẹ ń rí nínú kọ̀ǹpútà. Ní POP, Thunderbird lè gbé lẹ́tà wálé kó má sì ṣẹ́ ọ̀kankan kù sórí server, bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín nìkan ló wà láyé nìyẹn. Ti yín lè jẹ́ IMAP, orúkọ imap.gmail.com tí ẹ kọ fi í hàn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń ní àkáǹtì méjì mẹ́ta nínú Thunderbird kan ṣoṣo, wọn á sì gé èyí tí kò yẹ kí wọ́n gé.

Mo lọ bá bàbá kan tún tiwọn ṣe rí. Kí n tó dé, wọ́n ti gba irú ìmọ̀ràn yìí. Wọ́n tẹ Remove Account, àpótí kékeré méjì yọ sójú: ọ̀kan fún ètò àkáǹtì, ìkejì fún àwọn lẹ́tà fúnra wọn. Wọ́n fi àmì sí méjèèjì, torí wọ́n fẹ́ kó mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo jókòó, apá òsì ojú kọ̀ǹpútà ṣófo, ara bàbá sì balẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì," ni wọ́n wí. A ṣí browser. Lẹ́tà ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, èyí tó dé lẹ́yìn tí Thunderbird ti dákẹ́. POP ni wọ́n ń lò, lẹ́tà ọdún mẹ́fà ti lọ. A rí díẹ̀ gbà padà láti inú ẹ̀dà àtijọ́ kan, ìyókù ti lọ ráúráú. Bẹ́ẹ̀ password ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, kò ju ìyẹn lọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà profile yín: nínú Help, ẹ ṣí Troubleshooting Information, ẹ wá Profile Folder, ẹ ṣí i, ẹ ti Thunderbird pa, kí ẹ wá da fódà náà kọ sórí flash tàbí ibòmíì. Ó lè pẹ́ bí lẹ́tà yín bá pọ̀. Ẹ mú sùúrù.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Account Settings, kí ẹ tẹ Server Settings lábẹ́ orúkọ àkáǹtì yín. Ìlà tó ní Server Type á sọ fún yín bóyá IMAP ni tàbí POP. Ẹ wo Authentication Method: ó jọ pé "Normal password" ló wà níbẹ̀. Ẹ yí i sí OAuth2. Ẹ wá lọ sí Settings, Privacy & Security, Saved Passwords, kí ẹ yọ àwọn ti Gmail àtijọ́ kúrò, torí Thunderbird lágídí, ohun tó ti fi pamọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mú jáde. Ẹ ti í pa, ẹ tún un ṣí. Fèrèsé Google á yọ, ẹ wọlé níbẹ̀ pẹ̀lú password tuntun yín. Bí fèrèsé náà bá yọ tí kò tẹ̀ síwájú, ẹ wò ó bóyá ẹ ti sọ fún Thunderbird pé kó má gba cookies, àwọn àmì kékeré tí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń rántí yín. Kò lè ṣe OAuth2 láìsí wọn.

Ẹ lè ní app password tuntun lẹ fẹ́. Kò burú, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan 2-Step Verification, ìyẹn wíwọlé ní ìgbésẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni Google á fi hàn yín. Tí ẹ bá tún yí password padà lọ́jọ́ kan, ibi tí ẹ wà lónìí lẹ ó tún padà sí. Ní OAuth2, fèrèsé á kàn tún yọ pé kí ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi, OAuth2 ni mo máa ń yàn.

Ẹ̀yin tó ń lo Outlook.com tàbí Hotmail, tiyín yàtọ̀ díẹ̀: láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Microsoft ti ti ọ̀nà password lásán pa, app password kò sì lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Yahoo ṣì ń gba app password.

Bí ohun tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ certificate, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí server fi ń hàn pé òun gan-an ni, tí kò dárúkọ login, ẹ wo aago àti ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà náà ná, lẹ́yìn náà antivirus. Bí GB 15 tí Google fún yín bá sì kún, wíwọlé kò ní ṣòro, lẹ́tà tuntun ni kò ní dé.

Ẹ má sì wá nọ́ńbà "ìtọ́jú oníbàárà Gmail" kan pè. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba àkóso kọ̀ǹpútà yín kí òun lè tún ímeèlì ṣe, tàbí tó bèèrè nọ́ńbà tí Google fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù náà.

Ohun kan kù tí ẹ ó torí ẹ̀ kọ̀wé sí mi lọ́la bí mi ò bá sọ ọ́. Lẹ́tà á ti máa wọlé, ẹ ó fẹ́ fèsì, kò ní lọ. Ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọlé, imap.gmail.com ní port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 993, kọ́ ló ń gbà jáde, smtp.gmail.com ni ti ìjáde, ní port 465 tàbí 587, ètò tirẹ̀ sì dá wà. Nísàlẹ̀ pátápátá nínú Account Settings, ẹ ó rí Outgoing Server. Ẹ yan ti Gmail, ẹ tẹ Edit, ẹ yí tòun náà sí OAuth2, kí ẹ wá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ara yín.