Mingle kì í tò ìlú, ìlà ló ń dì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní FUTA béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ya bí ẹrù ṣe ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlà wá pọ̀ débi pé n ò rí nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní kí n fi mingle tún un tò, kò gbà. Ẹnì kan bá mi fi neato -n sí i, ìlà tún padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé Àkúrẹ́ ni ẹrù ń gbà kọjá, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, ẹni tó ní kóo fi mingle tún un tò ò mọ iṣẹ́ mingle rárá, inú sì ń bí mi torí àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ iléèwé lórí ẹ̀. Mingle, ọ̀kan lára irinṣẹ́ inú Graphviz, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya kókó àti ìlà tó so wọ́n pọ̀, kì í tò nǹkan kan. Kí kókó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlú kọ̀ọ̀kan nínú tìẹ, ti ní pos, ibi tó wà, kóo tó pè é. Ìlà tó bá ń lọ sápá kan náà ló máa dì pọ̀ bí ẹni di igi ìdáná. Neato, irinṣẹ́ Graphviz mìíràn, ló máa ya àwòrán ẹ̀. Point ni neato -n2 máa ka pos sí, 72 point ló sì wà nínú ínǹṣì kan, torí náà bóo bá kọ 5.2 àti 7.2 ti máàpù (longitude àti latitude) síbẹ̀ lásán, gbogbo ìlú á gun ara wọn lórí. Fi 1000 sọ wọ́n di púpọ̀, kóo wá ṣe báyìí:

mingle ilu.gv > idi.gv
neato -n2 -Tsvg idi.gv -o idi.svg

-n2 o! -n lásán á tún ìlà yà lákọ̀tun, gbogbo ìdì á tú.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ yẹn. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Mú ìlà méjì péré, ọ̀kan láti Ìkàrẹ́ sí Oǹdó, èkejì láti Ọ̀wọ̀ sí Ilé Olújì. Wo máàpù, bóo bá fà wọ́n tààrà, ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́ làwọn méjèèjì ń gbà. Bí mingle bá dì wọ́n, wọ́n lè di okùn kan ṣoṣo lẹ́bàá Àkúrẹ́, ẹni tó bá wò ó á ní ibẹ̀ ni ẹrù ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ fáìlì ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Mọ́tò yẹn lè gba Àkúrẹ́ lóòótọ́, àmọ́ mingle ò mọ títì, kò mọ gárèjì, bí íńkì tó máa lò á ṣe kéré ló ń wá. Ọ̀nà ìpamọ́ íńkì yìí, -m 1, òun ló máa lò bóo ò bá yan nǹkan kan, Gansner, Hu, North àti Scheidegger ló gbé e jáde ní 2011. Tún wo ibi tí okùn yẹn ti là sí méjì lápá Oǹdó. Ẹrù Ìkàrẹ́ ṣé Oǹdó ló yà sí àbí Ilé Olújì? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ìrìnàjò méjì lo kọ, ojú ń ka mẹ́rin!

Bó bá jẹ́ Àkúrẹ́ lo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ka ìrìnàjò tó kàn án nínú fáìlì, kóo kọ iye ẹ̀ sí tábìlì. Àwòrán tóo dì, bí ẹrù ṣe ń rìn lápapọ̀ nìkan ni kóo fi hàn, kóo sì fi èyí tóo ò dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mi ò tíì rí fáìlì ẹ o, torí náà má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan lọ gbèjà project, supervisor ẹ ló máa fọwọ́ sí i. Bí terminal bá ní òun ò mọ mingle, ó lè jẹ́ pé wọn ò fi ANN, library tí mingle nílò, sí i nígbà tí wọ́n ń kọ́ Graphviz yẹn. Má sanwó fẹ́nikẹ́ni lórí ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni Graphviz.