Ṣé èdè òyìnbó nìkan tó fún kọ́pà tí wọ́n gbé lọ sí Plateau?

Àbúrò, o ní wọ́n pósìtì ẹ sí Plateau, pé ṣé òyìnbó á tó àbí kí o kọ́ Haúsá. Ní kámpù Mangu, òyìnbó tó, pijin gan-an lẹ máa sọ jù. Ẹ̀yìn kámpù ni wàhálà wà. Mo ṣe tíṣà ní Pankshin fún ọdún díẹ̀, jẹ́ n sọ fún ẹ, tí o bá fi òyìnbó bèèrè iye múdù Irish potato kan (múdù ni wọ́n ń pe kọ́ńgò lọ́hùn-ún), ìyá ọlọ́jà á kọ́kọ́ wo káákì ọrùn ẹ, á wá dá iye tó wù ú lé e. Ṣùgbọ́n tí o bá ní "nawa ne mudu?" (èló ni múdù?), tó dá ẹ lóhùn, tí o tún ní "a rage mana" (ẹ bá wa dín in kù), ọjà ti ń ná nìyẹn. Torí náà òǹkà ni kí o kọ́kọ́ mọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá bèèrè iye, o ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá ẹ lóhùn.

Ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń bà á jẹ́ ni ká ní "Haúsá ni gbogbo wọn". Rárá o! Ngas ló ni Pankshin, Mwaghavul ló ni Mangu, Tarok wà ní Langtang, Goemai ní Shendam, Berom lápá Jos, mi ò tíì ka ìdajì wọn. Haúsá ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé, kì í ṣe pé Haúsá ni wọ́n. Pẹ̀lú ìjà tó ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn onílẹ̀ àti Haúsá-Fúlàní ní Jos látọdún 2001, má fi ẹnu ẹ pe ẹnikẹ́ni ní "àbókí" níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le ju bí o ṣe rò lọ.

Ìyá onílé mi, tí n bá fi Haúsá kí i, á kàn dáhùn ni. Ọjọ́ tí mo fi Ngas kí i, ló bá pariwo pe àwọn ọmọ ẹ̀ síta, àwo gwote kan dé yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, acha (ọkà wẹ́wẹ́ kan) tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sè, ó dùn kọjá sísọ.

Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ, jókòó síbi ìsìn Haúsá fún oṣù mélòó kan kí o tó wá ti òyìnbó lọ. Wọ́n máa ń rọra ka Bíbélì, o sì ti mọ ìtàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ letí tèmi ti là.