Èsì: Ìdí tí ilé ìwòsàn fi ń dúró de kóòdù

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ bi wá pé kí ló dé tí ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì fi ní kí ìyàwó yín jókòó títí kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, yóò fi dé kí wọ́n tó ya àwòrán inú fún un, nígbà tí wọ́n ń yọ owó adójútòfò ìlera nínú owó oṣù yín.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń bójú tó adójútòfò náà ń san iye kan pàtó lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ilé ìwòsàn tí ẹ yàn, yálà ẹ débẹ̀ tàbí ẹ kò débẹ̀. Tí àìsàn bá ti gba ìtọ́jú tó jinlẹ̀, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé owó tí ilé-iṣẹ́ náà kò bá ná lórí aláìsàn ló ń di èrè fún wọn, kò sí ohun tó ń kán wọn lójú láti gbé fóònù. Èmi náà gbé ọmọ mi tí inú ń run lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkọ̀lé; nọ́ọ̀sì pè wọ́n títí, wọn kò gbé e, ọmọ sì ń lọ́ mọ́ mi lára. Ó dùn mí títí di òní.

Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òfin ìlera ti ọdún 2014 ni kí ẹ dì mú: kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù tó lè fà á, ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n sì wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ kọ aago tí ẹ débẹ̀ àti aago tí kóòdù dé sílẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí àjọ adójútòfò ìlera.