Pátákò ẹṣin mi gbóná: ṣé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dànù?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹṣin tá a fẹ́ gùn lọ Ojúde Ọba ni. Láti àná, tí mo bá fọwọ́ kan pátákò iwájú ẹ̀ méjèèjì lọ́sàn-án, ó máa ń gbóná gan-an. Bàbá tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ló sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, òun máa fi ọ̀bẹ dá àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ lu kó lè jáde, òun á wá da kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì sí i. Ó ya àpò ọkà bàbà jẹ lóru ìjẹta o, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ le, àfi pé kò fẹ́ yí tá a bá fà á. Ibo ni kí wọ́n gé?

Ìdáhùn: Kò síbi tí wọ́n máa gé. Bọ̀dá, ẹ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá yẹn kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ yín gùn, mo ti gé e kù. Gbígbóná lẹ sọ ṣáá, ohun tó wá já mi láyà ni gbólóhùn méjì tẹ́ ẹ sọ kọjá: ó jẹ ọkà, kò fẹ́ yí. Pátákò ẹṣin tára ẹ̀ dá ṣáṣá máa ń gbóná, ó sì máa ń tutù, lọ́jọ́ kan náà. Tó bá dúró sóòrùn á gbóná, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé á gbóná, tó bá dúró sínú ẹrọ̀fọ̀ láàárọ̀ á tutù bí omi àmù. Àárọ̀ kùtù lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí oòrùn tó mú, kó tó ṣiṣẹ́ kankan, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí irun ti pàdé pátákò, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra.

Èyí tí mo gbà gbọ́ ju gbígbóná lọ ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ má jókòó o, ẹ fi ìka méjì kan ẹ̀yìn oríkèé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá lókè pátákò, lápá ẹ̀gbẹ́, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń yọ̀ lábẹ́ ìka. Lára ẹṣin tó dáa ẹ lè wá a títí kẹ́ ẹ má gbọ́ nǹkan kan, èmi náà ṣì máa ń wá a. Ọjọ́ tí nǹkan bá ń ṣe pátákò, á máa lù kìkì bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

Ó wá ku ẹ̀jẹ̀ burúkú, tó máa ń bí mi nínú lọ́dọọdún tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Kò sẹ́jẹ̀ kankan tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sínú pátákò. Nǹkan tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni oówo. Ìṣó tàbí òkúta á gún àtẹ́lẹsẹ̀, ìdọ̀tí á wọlé, ọyún á kó jọ, pátákò ò sì lè wú bí ara wa ṣe ń wú, ọyún yẹn á wá máa fún ẹran inú ibẹ̀ mọ́ra, ẹṣin ò ní lè fẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀, ẹ máa rò pé eegun ẹ̀ ṣẹ́ ni. Ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń jẹ́. Tí bàbá kan bá ti fi ọ̀bẹ wá a kiri tó ṣe kòńgẹ́ ẹ̀, omi dúdú tó ń rùn á tú jáde, ẹṣin á rìn, gbogbo àdúgbò á ní bàbá mọṣẹ́. Àwa náà máa ń ṣí i, ihò kékeré, a máa fọ̀ ọ́, a máa dì í, a ó sì gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì torí tẹ́tánọ́ọ̀sì tètè ń pa ẹṣin. Bàbá ò mọ̀yàtọ̀ oówo sí ohun tí kì í ṣe oówo, wàhálà ibẹ̀ nìyẹn.

Tiyín ò jọ oówo. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, lẹ́yìn ọkà àjẹjù: laminitis ni mò ń bẹ̀rù. Egungun kan wà nínú pátákò, awẹ́ ẹran wẹ́wẹ́ ló so ó mọ́ ògiri pátákò, òun ló sì gbé ẹṣin dúró. Tí ọkà bá pọ̀ jù nínú ikùn á kan, májèlé ẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀, àwọn awẹ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa rí i lẹ́sẹ̀. Tó bá tú jù egungun á rì, ó lè yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá fẹ́ dá lu! Mo rí ọ̀kan báyìí n'Ílọrin, ẹṣin funfun, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síta, ó fara ti ẹ̀yìn bí ẹni tó dúró lórí ẹyin iná, ihò mẹ́ta ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, ọ́ìlì dúdú ṣì wà níbẹ̀. Kò sóhun tí mo lè ṣe mọ́.

Mi ò rí ẹṣin yín o, mi ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ látibi tí mo wà, ẹ pe dókítà ẹranko lónìí. Kó tó dé, kò gbọ́dọ̀ jẹ ọkà tàbí dúsà (èèpo ọkà) mọ́, koríko gbígbẹ àti omi nìkan. Ẹ da yanrìn tó nípọn sílẹ̀ fún un, ẹ ki ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bọnú omi tó ní yìnyín, ẹ máa fi kún un. Ẹ má fà á rìn pé ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tàn ká, irọ́ nìyẹn náà. Ẹ má sì gún un lábẹ́rẹ́ ìrora kẹ́ ẹ wá gùn ún.

Ẹ̀yin tí tiyín kàn ń tiro díẹ̀, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan fà á sáré pẹ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ líle, kó dẹ okùn, kẹ́ ẹ ya fídíò ẹ̀. Tí ẹsẹ̀ iwájú tó ń dùn ún bá kanlẹ̀, orí ẹ̀ á gbé sókè. Tí èyí tó dáa bá kanlẹ̀, orí á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á sódì tí wọ́n á lọ máa tọ́jú ẹsẹ̀ tí ò ṣe nǹkan kan.

Bọ̀dá, tí dókítà bá dé, ẹ sọ iye ọkà tó jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́ fún un, ẹ má fi pa mọ́. Ní ti Ojúde Ọba, ẹ lọ wá ẹṣin míì.