Èsì: Ọmọ mi ọlọ́dún kan ò fẹ́ to búlọ́ọ̀kù, wíwó ló mọ̀

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, màmá wa. Ẹ ní tẹ́ ẹ bá ti to búlọ́ọ̀kù ìṣeré tán báyìí ọmọ á gbá a dànù, á tún ki ìkan bọ ẹnu, ẹ wá ń bèèrè bóyá nǹkan ń ṣe é. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é jàre! Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tó bí oṣù 15 kí wọ́n tó lè gbé méjì léra, ohun tọ́mọ ọdún kan mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa gbá méjì mọ́ra kó máa dún, kó máa wó o, kó máa jù ú sínú nǹkan, wíwó yẹn gan-an lẹ̀kọ́, ó ń rí i pé òun fọwọ́ kàn án ó sì ṣubú.

Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, ẹ to mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ ní "ó fẹ́ wó o, ó fẹ́ wó o... gbàà!", á rẹ́rìn-ín títí. Ẹ tún fún un ní abọ́ rọ́bà kan kó máa kó wọn sí i kó máa dà wọ́n jáde, èmi fẹ́ràn ìyẹn jù.

Ti ẹnu yẹn, ẹ má bá a jà, bí wọ́n ṣe ń mọ nǹkan nìyẹn, ẹ ṣáà máa fọ̀ wọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, èyí tó bá lè gba inú páálí róòlù tíṣù kọjá ti kéré jù, ó lè há a lọ́fun, ẹ kó o kúrò ńlẹ̀ kíá, àti LEGO kéékèèké tàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà.