Fáìlì àtijọ́ lórí Word tuntun: kí ló dé tí “ọmọ” fi di “÷m÷”?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá wa tó ti dolóògbé ló máa ń tẹ ìtàn àti oríkì ìdílé wa sórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí, láti 1998 títí di 2006. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí laptop tuntun tí mo rà. Àwọn kan ṣí, ṣùgbọ́n Yorùbá inú wọn ti dàrú: níbi tó yẹ kí n ti rí “ọmọ”, “÷m÷” ni mò ń rí. Àwọn kan kò tilẹ̀ ṣí rárá. Ọmọ àdúgbò kan ní kí n kàn yí .doc tó wà ní ìdí orúkọ wọn sí .docx. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kọ̀ǹpútà bàbá ṣì wà nílé, àmọ́ a ti fẹ́ gbé e lọ tà ní Ìkẹjà.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ta kọ̀ǹpútà yẹn o. Ohun tí ẹ ń wá kò sí nínú fáìlì tí ẹ kó, inú kọ̀ǹpútà náà ló kù sí.

Ní àwọn ọdún tí bàbá ń tẹ̀wé, ọ̀pọ̀ fóńtì, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà, tó wà lórí kọ̀ǹpútà kò ní ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Ohun tí àwọn tó ṣe fóńtì Yorùbá nígbà náà ṣe ni pé wọ́n mú àmì tí a kì í sábà lò, bí àmì ìpín inú ìṣirò, wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò, wọ́n ya ọ sí ààyè rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó wà nínú fáìlì bàbá kì í ṣe ọ. Àmì ìpín ni, fóńtì ló wọ̀ ọ́ láṣọ. Laptop yín kò ní aṣọ yẹn, ó wá gbé ohun tó rí síta ní ìhòòhò.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, mo sì ti ṣe irú èyí baṣubàṣu rí. Ẹnìkan gbé oríkì bàbá rẹ̀ wá kí a fi ṣe ìwé ètò ìrántí. Mo rí àwọn àmì àjèjì yẹn, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fi o lásán àti e lásán rọ́pò gbogbo wọn, mo sì tọ́jú rẹ̀ lé orí fáìlì tó gbé wá. Nígbà tí a jókòó láti fi àmì sí i, “owo” kan wà ní ìlà kejì. Ṣé owó ni, àbí òwò? Àbí ọwọ́, àbí ọ̀wọ̀, àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Èmi kò mọ̀, ọmọ olóríkì kò mọ̀, ẹni tí ì bá sọ fún wa ni a ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ó dùn mí títí di òní.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́pì gbogbo fáìlì náà sí flash méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ wá ṣí ọ̀kan nínú àwọn tó dàrú, ẹ gbé kọ́sọ̀ sínú “÷m÷” yẹn, kí ẹ wo àpótí orúkọ fóńtì lókè, ní Home. Word ṣì ń dárúkọ fóńtì tí wọ́n fi tẹ ìwé, bí fóńtì náà kò tilẹ̀ sí lórí laptop. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà bàbá, ẹ wọ C, ẹ wọ Windows, ẹ wọ Fonts, ẹ wá a kàn, ẹ kọ́pì í wá sórí laptop, kí ẹ sì fi sórí ẹ̀rọ. Tí ẹ bá pa Word tí ẹ tún un ṣí, oríkì yóò padà bí bàbá ṣe tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fi Save As sọ ọ́ di PDF, nítorí PDF máa ń gbé fóńtì dání. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan nìyẹn o. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín lè rí “ọmọ” nígbà tó bá wá a lórí fóònù, àfi kí ọ di ọ gan-an, irú èyí tí Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ wa fóńtì Charis SIL láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, àmì ohùn sì máa ń jókòó dáadáa lórí ẹ àti ọ rẹ̀. Ẹ ṣí Replace, ẹ tẹ More. Ẹ fi ÷ sí òkè, ọ sí ìsàlẹ̀. Tí kíbọọ̀dù yín kò bá ní ọ, ẹ tẹ 1ECD sínú ìwé, kí ẹ tẹ Alt àti X pọ̀, yóò di ọ, kí ẹ wá kọ́pì í. 1EB9 ni ẹ, 1E63 ni ṣ. Ẹ mú Match case. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe rèé: láti ibi Format, ẹ sọ fún àpótí òkè pé fóńtì àtijọ́ nìkan ni kó wò, kí ẹ sì sọ fún ti ìsàlẹ̀ pé Charis SIL ni kó lò. Bẹ́ẹ̀ ni àmì tí ẹ ti tún ṣe kò fi ní tún bọ́ sínú ìyípadà tó ń bọ̀. Àmì kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú bébà tí ẹ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lẹ́tà ńlá ní àmì tirẹ̀, ẹ má gbàgbé wọn.

Ti yíyí .doc sí .docx lásán, rárá o. Láti Word 2007 ni wọ́n ti yí bí fáìlì ṣe rí nínú padà. Orúkọ nìkan ni ọmọ yẹn fẹ́ pa dà. Tí ẹ bá ti ṣe é, fáìlì kò bàjẹ́, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà. Ọ̀nà tó tọ́ ni File, Info, Convert. Ojú ewé lè sún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, PDF yín yóò sì fi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ hàn.

Àwọn tí kò ṣí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ti Word 95 tàbí ti WordPerfect, ètò ìtẹ̀wé mìíràn. Nítorí ààbò, Word tuntun lè dí àwọn ti Word àtijọ́ lọ́nà. Ẹ fi LibreOffice, ètò kan tó jọ Word, ṣí wọn, ọ̀fẹ́ lòun náà, kí ẹ tọ́jú wọn ní .docx.

Oríkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé lè dúró. Tí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ wá àgbà kan nínú ẹbí tó mọ̀ ọ́n sórí, kí ẹ kà á sí i létí láti orí laptop, ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti ní “rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀”, àmì kan ti bọ́ níbẹ̀.