Báwo ni mo ṣe lè ṣírò bí pánẹ́ẹ̀lì tí mọ́tò jókòó lé ṣe máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀?

Wo bí pánẹ́ẹ̀lì náà ṣe tẹ̀ sílẹ̀ tó nígbà tí o gbé mọ́tò lé e. Bí ìtẹ̀sílẹ̀ yẹn bá jẹ́ d ní mìlímítà, iye ìgbà tí yóò máa gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́:

f = 15.8 ÷ √d (Hz)

Bó bá tẹ̀ ní 1 mm, ó tó 16 Hz. Bó bá jẹ́ 0.4 mm, ó di 25 Hz, ibẹ̀ sì ni ewu wà: mọ́tò tó ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 25 gẹ́lẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjèèjì á bára mu, gbogbo rẹ̀ á sì máa gbọ̀n rìrì títí bóòtù á fi tú. Jẹ́ kí wọ́n fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin jìnnà síra.

Ìṣírò yìí ò ka ìwúwo pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, torí náà iye tó ń gbé jáde máa ń ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá jókòó lórí etí méjì péré, tí mọ́tò sì wà láàárín, fi bí ìdajì ìwúwo pánẹ́ẹ̀lì kún ti mọ́tò.

Èmi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ìṣírò nìkan ṣá o. Pa mọ́tò, má yọ ọ́ kúrò, fi òòlù onírọ́bà gbá pánẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbọ̀nrìrì kà á.

Bó bá sún mọ́ jù, mú pánẹ́ẹ̀lì nípọn sí i: ìlọ́po méjì nínípọn ń sọ líle rẹ̀ di ìlọ́po 8.